Kí Lẹ Fẹ́ Fi Iye Rẹ̀ Ṣe? Ọ̀rọ̀ Ìdíyelé Ẹ̀rọ fún Àwọn Tó Ń Bọ̀ Lẹ́yìn

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ ìdíyelé, ilẹ̀ àti ilé ni ọ̀pọ̀ yín gbójú lé, ẹ ò sì jẹ̀bi, torí òun ni wọ́n fi ń kọ́ wa jù nílé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n bí bánkì bá ní kẹ́ ẹ lọ wo ilé iṣẹ́ kan l'Ágbárá tàbí l'Ólúyọ̀lé n'Íbàdàn, ẹ ó rí i pé inú ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ owó ibẹ̀ wà. Ẹ̀rọ sì yàtọ̀ sí ilé. Ó ń tètè gbó, ó ṣeé gbé sá lọ lóru, ó ṣeé kùn lọ́dà kó dà bíi tuntun, ẹni tó ń lò ó sì lè má jẹ́ ẹni tó ni ín.

Kẹ́ ẹ tó mú tọ́ọ̀ṣì àti kámẹ́rà dání, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi iye náà ṣe. Ẹ jẹ́ ká fi ilé búrẹ́dì kan wò ó. Ààrò oníbíríkì tí wọ́n ń fi igi dá wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun wà níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ náà wà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ra ilé búrẹ́dì yìí kó sì máa bá iṣẹ́ lọ, owó wà lórí ààrò yẹn: ẹ ó wo iye tí wọ́n máa fi mọ irú rẹ̀ lónìí, ẹ ó sì yọ ti ọjọ́ orí àti ìlò kúrò. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ bánkì ló fẹ́ mọ ohun tí òun máa rí gbà tí gbèsè bá di wàhálà, tí wọ́n bá ní láti lu ẹrù ní gbàǹjo, ta ló fẹ́ ru ààrò lọ sílé? Ẹ wó o, bíríkì dúdú àti eérú ló kù. Òdo lẹ máa kọ síwájú rẹ̀. Ẹ̀rọ ìpòyẹ̀fun àti jẹnẹrétọ̀ ṣì máa pa owó wọlé, àmọ́ owó náà ò ní tó ti ìgbà tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́, nítorí ẹni tó ń rà á ti yọ owó kireni, owó ọkọ̀ àti owó oníwáyà kúrò lọ́kàn ara rẹ̀ kó tó lanu dárúkọ iye. Ààrò kan náà, ọjọ́ kan náà, iye méjì, kò sì sí irọ́ nínú èyíkéyìí.

Ti adójútòfò tún yàtọ̀. Iye tí wọ́n máa fi rọ́pò ẹ̀rọ náà ni wọ́n sábà máa ń fẹ́, èyí tó kéré jù sì lè dá oníbàárà lóró. Ká ní ₦40 mílíọ̀nù ni ẹ̀rọ jẹ́, tí ọ̀gá ní kẹ́ ẹ kọ ₦20 mílíọ̀nù kí owó ọdọọdún tó ń san lè fúyẹ́. Iná wá jó apá kan, òfò ₦10 mílíọ̀nù. Níbi tí àdéhùn bá ti ní ìlànà pípín òfò, ₦5 mílíọ̀nù ni wọ́n máa san fún un, torí ìdajì ló forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo máa ń ṣe ìṣirò yìí lójú oníbàárà lórí ìwé pélébé. Ó máa ń yanjú àríyànjiyàn ju lẹ́tà olójú ewé mẹ́ta lọ.

Ìwé akáùǹtì wọn ńkọ́? Ẹ gbà á, ẹ kà á, ẹ má gbára lé e. Ní ti owó orí, lábẹ́ òfin tó wà títí di òpin 2025, ẹ̀rọ tí wọ́n ti yọ gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ tán, ìyẹn iye tí òfin gbà kí wọ́n máa yọ kúrò nínú èrè lọ́dọọdún nítorí ẹ̀rọ náà, ṣì máa ń jókòó sínú ìwé pẹ̀lú ₦10, títí wọ́n á fi tà á. Mo ti rí ẹ̀rọ ₦10 tó ń bọ́ gbogbo ilé iṣẹ́.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń le jù ni ti náírà. Ní 2015, dọ́là kan wà ní nǹkan bíi ₦197 ní bánkì. Ẹni tó ra ẹ̀rọ $50,000 nígbà náà san nǹkan bíi ₦9.85 mílíọ̀nù, ká má tíì ka owó ọkọ̀ ojú omi àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù mọ́ ọn. Oṣù kẹfà 2023 ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ sójú ọjà. Kí 2024 tó parí, dọ́là kan ti kọjá ₦1,500. Ẹ̀rọ kan náà ti di ₦75 mílíọ̀nù. Bẹ́ ẹ bá ní ó ti lo ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀, tí ẹ yọ ìdajì kúrò, ₦37.5 mílíọ̀nù ló kù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin owó tí wọ́n fi rà á ní tuntun. Oníbàárà á máa wò yín bíi pé ẹ fẹ́ pọ́n òun lé. Ẹ má bínú sí i, ìṣirò náà tọ̀nà.

Àmọ́ ẹ má tíì sáré kọ ọ́ sílẹ̀. Iye tí ìṣirò ìrọ́pò gbé jáde kò gbọ́dọ̀ ga ju ohun tí ọjà máa san lọ. Bí tòkunbọ̀ irú ẹ̀rọ yẹn, tí ìlò rẹ̀ ò ju tiyín lọ, bá wà nílẹ̀ l'Ékòó ní ₦25 mílíọ̀nù, ẹni wo ló máa fún yín ní ₦37.5 mílíọ̀nù? Ẹ pe àwọn tó ń tà á, ju ẹyọ kan lọ. Ẹ sì rántí pé iye tí wọ́n ń pè kọ́ ni iye tí wọ́n ń gbà.

Bẹ́ ò bá rí iye tuntun fún ìwọ̀n ẹ̀rọ tẹ́ ẹ ń wò, ọgbọ́n kan wà tí àwọn enjinníà máa ń lò: agbára ẹ̀rọ lè di ìlọ́po méjì, kí owó rẹ̀ má di ìlọ́po méjì. Wọ́n á fi agbára ẹ̀rọ kékeré pín ti ńlá, wọ́n á gbé èsì rẹ̀ sí pawa (power) 0.6 lórí kalikulétọ̀, wọ́n á sì fi ìyẹn sọ owó ti kékeré di púpọ̀. Tí jẹnẹrétọ̀ 250 kVA bá jẹ́ ₦30 mílíọ̀nù, 500 kVA á wà láàárín ₦45 sí ₦46 mílíọ̀nù. Àbá lásán ni, ẹ fi mọ̀ bóyá iye tí ẹnì kan pè fún yín bójú mu.

Ní ti wíwo ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ẹ lọ sí Ṣómólú, láàárín àwọn atẹ̀wé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Heidelberg GTO 52 tó ti jáde kúrò ní Jámánì kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú yín ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láàárọ̀ dalẹ́. Ẹ má wo ọ̀dà. Ọ̀dà tuntun lórí ẹ̀rọ àtijọ́ gan-an ló yẹ kó mú yín tẹjú mọ́ nǹkan. Ẹ wá nọ́ńbà ẹ̀rọ, ẹ fi ìka nù ún, ẹ yà á ní fọ́tò, torí nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń mọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Kí ọ̀gá tó lọ gbé fóònù, ohun tó fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ lẹ máa gbọ́. Tó bá ti jáde, ẹ kí ẹni tó ń tẹ̀wé dáadáa, kẹ́ ẹ bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ibo ló máa ń yọ yín lẹ́nu jù lára ẹ̀?" Á sọ fún yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó tẹ ìwé díẹ̀ tó ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, kó kó ìwé kan náà padà sẹ́nu ẹ̀rọ, kó tún un tẹ̀ láì fọwọ́ kan pléètì. Bí ìlà kejì bá bọ́ sórí ti àkọ́kọ́ débi pé ẹ ò lè dá wọn mọ̀, àwọn èékánná irin tó ń gbá ìwé mú ṣì le. Bí ìlà bá di méjì, ẹ̀rọ náà ò lè tẹ iṣẹ́ aláwọ̀ mẹ́rin kó mọ́ mọ́. Iye tí ìlà tó pín sí méjì yẹn máa gé kúrò lára owó ẹ̀rọ pọ̀ ju iye tí ọ̀dà tuntun lè fi kún un lọ. Ẹ mú ìwé náà lọ sílé, ẹ so ó mọ́ fáìlì.

Ẹ̀rọ yìí náà ló kọ́ mi pé kí n má fi tábìlì ọjọ́ orí tí wọ́n tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè pa ẹ̀rọ Nàìjíríà. Tábìlì yẹn á ní GTO ti kú. Àmọ́ tí irin tó ń tẹ nọ́ńbà àti irin tó ń lu ihò bá wà lára rẹ̀, ìwé rìsíìtì àti ínfọ́ísì tó ń tẹ̀ jáde kò tíì dópin. Pátì rẹ̀ wà nítòsí, mẹkáníìkì rẹ̀ wà ní òpópónà kejì. Ó ń pa owó, ọjà sì ń san án.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Ẹ̀rọ lè le koko, kí ayé ìta pa á. Àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ tó ti ilẹ̀kùn ní Kàdúná àti Ìkẹjà kò ti í nítorí pé ẹ̀rọ ìhunṣọ bàjẹ́. Iná, epo àti aṣọ òkèèrè tó rọ̀jò sọ́jà ló ṣe wọ́n. Ẹni tó bá yọ ti gbígbó nìkan kúrò lára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa kọ iye tí ẹnikẹ́ni ò ní san, àyàfi àwọn tó ń fi ìwọ̀n ra irin.

Ẹ tún wádìí ẹni tó ni ín. Fíríìjì tó ní àwòrán ẹlẹ́rìndòdò lára, tó wà ní kántíìnì, ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò ló sábà máa ń ni ín. Sílíńdà gáàsì ńláńlá lè jẹ́ ti ẹni tó ń pọn gáàsì. Ẹ̀rọ mìíràn wà tí bánkì kan ti dè mọ́lẹ̀ nítorí gbèsè. Ìdí nìyẹn tí CBN, bánkì àpapọ̀ Nàìjíríà, fi dá National Collateral Registry, ibi tí wọ́n ń forúkọ dúkìá tí wọ́n fi dúró fún gbèsè sílẹ̀, kalẹ̀ ní 2016, tí òfin 2017 lórí dúkìá tó ṣeé gbé sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ wá orúkọ oníbàárà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ̀wé.

Nínú ìjábọ̀ yín, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ wo ẹ̀rọ, iye dọ́là lọ́jọ́ náà, ibi tí ẹ̀rọ dúró sí, bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lójú yín tàbí wọ́n kàn sọ bẹ́ẹ̀, àti irú iye tó jẹ́.

Wọ́n á sì pè yín. "Ọ̀gá, ẹ bá wa gbé e sókè díẹ̀, owó tá a fẹ́ yá ò tíì tó." Òǹtẹ̀ tí ESVARBON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwa adíyelé sílẹ̀, fún yín, lábẹ́ òfin 1975, orúkọ yín ló wà lára rẹ̀, kì í ṣe tiwọn. Mo máa ń dá wọn lóhùn tẹ̀rín-tọ̀yàyà pé kò burú, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ àti ìdí rẹ̀ sínú lẹ́tà, kí wọ́n buwọ́ lù ú, kí n lè fi kún fáìlì. Lẹ́tà náà kì í dé.