"Nǹkan ń rìn nínú orí mi"

"Dókítà, nǹkan ń rìn nínú orí mi." Bí màmá náà ṣe jókòó báyìí, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ nìyẹn, wọ́n sì tú gèlè kí n lè rí i. Mo yọjú wò ó. Irun funfun ni mo rí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè kejì nínú sàíkólójì nígbà náà, mo ń kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn. Mo fa fọ́ọ̀mù yọ. "Ṣé inú yín máa ń bàjẹ́, Mà?" "Rárá o." "Ṣé ẹ máa ń sunkún?" "Ta ló kú?" Mo kọ ọ́ síwèé pé kò sí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Màmá ò padà wá mọ́.

Nígbà tí ọ̀gá mi ka fọ́ọ̀mù yẹn, ẹ̀rín ni wọ́n rín. "Ìwọ ọmọ Yorùbá, ṣé o ò gbọ́ ọdẹ orí rí ni?" Ojú tì mí. Ilé wa gan-an ni mo ti ń gbọ́ ọ: nǹkan á máa rìn lágbárí, etí á máa hó, àyà á máa já, oorun á dá lójú ẹni. Àníyàn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ló sábà máa ń wà nídìí ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi kàwé ló dí mi létí.

Látìgbà náà ni mo ti yíwọ́ padà. Èmi kì í kọ oògùn fúnni, dókítà ọpọlọ ló ni ìyẹn. Mo máa ń rí i pé wọ́n ti yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n sì ti yẹ etí wò, nítorí kì í ṣe gbogbo ohun tó ń hó létí ló wá láti ọkàn. Lẹ́yìn náà ni mo máa bi wọ́n: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Kí lẹ̀ ń ṣe lọ́jọ́ náà? Kí ni ẹ̀yin fúnra yín rò pé ó fà á?

Bí wọ́n bá ní ayé ló wà ńdìí ẹ̀, mi ò jiyàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ tó bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú aláìsàn ọpọlọ ní Arò l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 1954, inú abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká ló ń fi aláìsàn wọ̀ sí pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí rẹ̀, ó sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ẹnì kan wà tí kò mọ̀wé kọ. (Mo ti yí ìtàn rẹ̀ díẹ̀ kẹ́nikẹ́ni má baà dá a mọ̀.) Mo ní kó máa ju òkúta wẹẹrẹ kan sínú ike nígbàkigbà tí nǹkan náà bá rìn, ike kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kó ike méje dé, ti Ọjọ́rú kún dẹ́nu, àwọn yòókù ò tó àbọ̀. Mo bi í pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́rú. Ó dákẹ́. Èmi náà dákẹ́, ohun tó sì pẹ́ jù kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn, torí ìmọ̀ràn kì í pẹ́ lẹ́nu àwa Yorùbá. Ìgbà tó ṣe, ó ní, "Ọjọ́ tí àwọn tó yá mi lówó máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Ìyàwó mi ò mọ̀." Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyàwó rẹ̀ bá a wá.

Bí ẹnì kan bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún yín nílé, ẹ má tètè ní kó má rò ó mọ́. Bó bá ní ayé sú òun, ẹ bi í gbangba bóyá ikú ló ń rò. Ìbéèrè yín kọ́ ló máa gbé e sí i lọ́kàn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ní tèmi, tí wọ́n bá tú gèlè báyìí, mi ò yọjú wo irun mọ́. Mo máa ń bi wọ́n pé ọ̀nà ibo ló ń gbà. Wọ́n á fi ìka tọ ọ̀nà ẹ̀ fún mi, láti ẹ̀yìn ọrùn títí dé àtàrí.