Níkẹ́ẹ̀lì, fínígà àti 404 Bàbá: àyẹ̀wò ọdún mi

Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún. Ọyẹ́ ti dé sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ètè ń sán, kálukú sì ti ń ṣírò èrè àti àdánù. Tèmi kò ní owó púpọ̀ nínú. Ọkọ̀ Peugeot 404 tí bàbá mi fi ń ná ọ̀nà Pobẹ̀ àti Kétu kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì ni mo bá wọ̀yá ìjà lọ́dún yìí, àgàgà àwọn irin rẹ̀ kéékèèké tó yẹ kó máa dán: bóòtù, nọ́ọ̀tì, hínjì ilẹ̀kùn, irin tó ń gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì dúró. Mo ní n óò fi níkẹ́ẹ̀lì, irin funfun tó ń dán, bò wọ́n fúnra mi ní ẹ̀yìnkùlé. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti dán báyìí.

Ibi tí mo ti rí níkẹ́ẹ̀lì ni àwọn ènìyàn máa ń bi mí jù. Bàbá mi kékeré ṣiṣẹ́ ní Maséè, nílẹ̀ Faransé, fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì kó owó ẹyọ Faransé tó ṣẹ́kù sí wọn lọ́wọ́ sínú agolo mílíìkì kan. Láti oṣù kejì ọdún 2005 ni ilẹ̀ Faransé kò ti gba owó ẹyọ yẹn pààrọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n 1 fàránsì tí wọ́n ń rọ láti ọdún 1960, níkẹ́ẹ̀lì gidi ni, gíráàmù 6 sì ni ìwọ̀n ẹyọ kan. Inú omi kan ni a ń rì owó ẹyọ àti irin sí, iná á tú níkẹ́ẹ̀lì kúrò lára owó náà, á gbé e lọ bo irin. Bí iná ámpíà 1 (ámpíà ni a fi ń wọn bí iná ṣe ń ṣàn tó) bá gba inú omi náà kọjá fún wákàtí kan, níkẹ́ẹ̀lì tó ń lọ bo irin máa ń sún mọ́ gíráàmù 1.1. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹyọ kan lè ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí márùn-ún kó tó tán. "Kò lè ra búrẹ́dì mọ́," ni bàbá mi kékeré wí bí wọ́n ti ń gbé agolo náà lé mi lọ́wọ́, "lọ bá mi ná an síbi tó bá ti wúlò."

Omi rẹ̀ kò le. Fínígà funfun, iyọ̀ díẹ̀, iná fólìtì kékeré. Mo kọ́kọ́ so owó ẹyọ kan mọ́ pọ́sítíìfù, òmíràn mọ́ nẹ́gátíìfù, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ títí omi fi di àwọ̀ ewé. Nígbà yẹn ni níkẹ́ẹ̀lì ti wọ inú omi. Mo wá yọ ti nẹ́gátíìfù, mo fi bóòtù rọ́pò rẹ̀. Wáyà bàbà kò gbọdọ̀ kan omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bàbà náà á bá wọn wọlé.

Iná kọ́ ló ń mú irin dán. Sánpépà ni. Ìyẹn ni mo rí kọ́ lọ́dún yìí ju ohunkóhun lọ. Bí ojú irin bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 10, tí iná sì jẹ́ ámpíà 1, wákàtí kan kò lè fún un ju ìdá 12 nínú ìdá 1000 mìlímítà lọ. Kí ni ìyẹn fẹ́ dí nínú ojú irin tó ti ha? Gbogbo ihò tó wà níbẹ̀, dídán ló máa wá dán. Nítorí náà, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà, mo ń bọ́ sí sánpépà nọ́ńbà 240, 400, 800, mo sì ń fi 1200 àti omi parí rẹ̀. Hínjì kan ṣoṣo lè gba ọ̀sán kan lọ́wọ́ mi, kí iná tó bá a ṣe wákàtí kan péré. Lẹ́yìn náà, ọṣẹ, omi gbígbóná, sódà. Mo wá da omi tó mọ́ sí i lórí. Bí omi bá ń kó jọ bí ìgbà tó wà lórí ewé kókò, òróró ṣì wà lára rẹ̀, ẹ padà lọ fọ̀ ọ́. Bí omi bá tẹ́ bo gbogbo ojú rẹ̀ láìjá níbì kan, ó ti tó. Ẹ má fi ìka lásán kàn án mọ́ o. Mo ń rì í bọ ásíìdì tí mo ti là fún ìṣẹ́jú díẹ̀, mo ń ṣàn án, ó di inú fínígà.

Ẹni tó bá ń kánjú, tó yí iná sókè, etí irin náà á dúdú, á sì rí ṣákaṣàka. Bí iná bá tún lọ láàárín iṣẹ́, tó dé, tí a kàn bá a lọ, awọ kejì kò ní lẹ̀ mọ́ àkọ́kọ́ dáadáa, yóò máa bó. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àdúgbò wa mọ bí iná ṣe ń lọ. Bátìrì ọkọ̀ ni mo fi ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ kékeré kan ló ń dín agbára rẹ̀ kù.

Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ mẹkáníìkì lọ́nà ọjà Ouando gbé hínjì náà sójú oòrùn, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì. "Kò funfun tó ti tẹ́lẹ̀. Ó pọ́n díẹ̀." Òótọ́ ni. Kírómù, irin míràn tí wọ́n fi ń bo ara ọkọ̀, ló ní funfun tó fẹ́ jẹ mọ́ búlúù yẹn, níkẹ́ẹ̀lì a máa pọ́n díẹ̀ bí ìyeyè. Títí di ìparí àwọn ọdún 1920, níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, kí kírómù tó gbòde. Ọdún 1960 ni 404 jáde, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ kó rí bí ó ṣe jáde gẹ́lẹ́ lè bá mi wíjọ́. Èmi fẹ́ràn pípọ́n yẹn, tèmi sì ni ọkọ̀ náà báyìí.

Àwọn kan wà tí n kò fọwọ́ kàn. Ọwọ́ ilẹ̀kùn kì í ṣe irin, zamak ni, síńkì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ásíìdì máa ń jẹ ẹ́, bàbà ló sì yẹ kó kọ́kọ́ bò ó, omi bàbà tí wọ́n fi ń ṣe ìyẹn ní sáyánáídì, májèlé tó ń pani, nínú. Kò wọ ilé mi. Bọ́ńpà náà ṣì ní kírómù àtijọ́ lára, fífi iná àti sódà bó o á sì sọ kírómù yẹn di májèlé tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Nítorí májèlé yìí kan náà ni mo ṣe bá àbúrò mi kan jà tó ní kí n fi ṣíbí tí kì í dípẹtà rọ́pò owó ẹyọ: kírómù wà nínú ṣíbí yẹn.

Omi tó ti lò tán ńkọ́? Ọ̀sà Àjàṣẹ́ kò jìnnà sí wa, àwọn ènìyàn ń pẹja níbẹ̀. Mo da sódà ìfọṣọ sí omi náà, ẹrẹ̀ àwọ̀ ewé rọ̀ sílẹ̀, mo sì dé gbogbo rẹ̀ pa nínú jẹ́ríkáànù. Ó ṣì wà ní kọ̀rọ̀, n kò tíì rí ibi tí n óò gbé e lọ. Gbèsè tó ń bá mi wọ ọdún tuntun nìyẹn.

Lọ́dún tó ń bọ̀, mo fẹ́ dán omi Watts wò, omi míràn tí wọ́n fi ń bo irin ní níkẹ́ẹ̀lì, èyí tí Oliver Watts, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1916. Ó ń fẹ́ ooru tó ìwọ̀n 40 sí 60 ní sẹ́ńtígíréètì, nítorí náà n óò dúró kí ọyẹ́ lọ. Agolo bàbá mi kékeré ti ń rí ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ní 1 fàránsì tàbí 2 fàránsì Faransé nínú àpótí, kó bá mi sọ̀rọ̀, n óò rà á. Ti 5 fàránsì kò wúlò fún mi, bàbà wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi mágínẹ́ẹ̀tì kàn án: tí kò bá fà á, ẹ má wulẹ̀ gbé e wá.