Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń po ọṣẹ ìfọyín orin ata, ẹ wá gbọ́

Ẹ̀yin àbúrò, fótò tíúbù tó wú tẹ́ ẹ ń fi ránṣẹ́ sí mi ti pọ̀ jù, ó ti sú mi. Bí wọ́n ṣe ń sá èèpo gbòǹgbò orin ata níbòji, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́ tí wọ́n ń jọ̀ ọ́, ẹ mọ ìyẹn. Nǹkan díẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Àkọ́kọ́, glycerin ni kẹ́ ẹ fi po CMC, ìyẹn ìyẹ̀fun tó ń mú ọṣẹ ki, kí omi tó kàn án, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ṣe kókó bí àmàlà ẹni tó ń kánjú.

Èkejì, ohun tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́. Háà. Ọ̀gá kan tí mo bá ṣiṣẹ́ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde iléèwé, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, sodium benzoate ló ń fi sí gbogbo nǹkan torí ó ṣiṣẹ́ fún un nínú sóbò tó ń tà tẹ́lẹ̀. Mo ní ọ̀gá, sóbò kan, ọṣẹ tiwa ò kan, ṣọ́ọ̀kì ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, pH ẹ̀ (òǹkà tó ń sọ bí nǹkan ṣe kan tó; bó bá ṣe ń kan sí i ló ń lọ sílẹ̀) ti kọjá 8, benzoate ò sì lágbára àfi tó bá wà ní 5 sísàlẹ̀. Ó ní ìwé lèmi kà, ọjà lòun ń tà. Bẹ́ẹ̀ omi orin ata tá a sè yẹn, oúnjẹ kòkòrò ló kún inú ẹ̀!

Ọjà ò pẹ́ níta tí wọ́n fi ń dá páálí padà. Ohun tó ń mú búrẹ́dì bu ti wọ inú ẹ̀, ó jẹ CMC tó mú un ki, ọṣẹ wá ń ṣàn lórí búrọ́ọ̀ṣì. Ó tún kan, kíkan yẹn bá ṣọ́ọ̀kì pàdé, gáàsì dé, tíúbù wú. Ọ̀gá sọ lójú àwọn oníbàárà pé èmi ni mi ò wọn nǹkan dáadáa, ó sì yọ ọ́ nínú owó oṣù mi. Ìwé tí mo kọ ìwọ̀n sí, inú dúrọ́ọ̀ ẹ̀ ló tì í mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ya fótò ìwé ìwọ̀n yín sórí fóònù ara yín, ojoojúmọ́, kí ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí yín tàbí kó má rẹ́rìn-ín. Ẹ ra pépà pH. Ẹ fi tíúbù díẹ̀ síbi tó gbóná fún oṣù mélòó kan kẹ́ ẹ tó ta ìyókù, kẹ́ ẹ sì bá NAFDAC sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ lébẹ́ẹ̀lì.

Mo rí ọjà ọ̀gá náà ní ṣọ́ọ̀bù láìpẹ́ yìí, mo yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò: methylparaben, ohun mìíràn tí kì í jẹ́ kí nǹkan bàjẹ́, ló ti fi rọ́pò benzoate. Kò tíì dá owó mi padà o.