Ta Ni Kò Rẹ̀?

Bí ẹ bá sọ fún ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù pé ó rẹ̀ yín, "Ta ni kò rẹ̀?" ni yóò fi dá yín lóhùn. Èmi náà ti dá àwọn èèyàn lóhùn bẹ́ẹ̀ rí. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe nígbà náà. Mo lè ṣiṣẹ́ òru mẹ́rin léra wọn, kí n sì tún gba ibẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àfi ìgbà tí àìsàn flu mú mi lọ́dún 2018. Ikọ́ lọ, ibà lọ, àárẹ̀ kò lọ.

Àárẹ̀ yìí kò gbọ́ ti oorun. Mo lè sun wákàtí mẹ́wàá kí n jí bí ẹni tó ru sìmẹ́ǹtì mọ́jú. Bí mo bá ń ka lẹ́tà, kí n tó dé ìlà kẹta mo ti gbàgbé ìlà kìíní. Èyí tó wá rú mi lójú jù ni pé ìyà iṣẹ́ kì í dé lọ́jọ́ tí mo bá ṣe é. Màá fọ aṣọ lọ́jọ́ Ajé, kò ní sí nǹkan kan. Ọjọ́rú ni mi ò ní lè dìde. Àmì tí wọ́n fi ń dá ME/CFS, àìsàn àárẹ̀ tí kì í lọ bọ̀rọ̀, mọ̀ nìyẹn.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ní kí n máa fi ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀ kún ìrìn mi. Mo gbọ́ràn, mo sì dẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 2021 ni NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní Ẹ̀ńgìláńdì, tó yọ irú ìmọ̀ràn yẹn kúrò fún àìsàn yìí. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé kí n máa ná agbára bí owó oúnjẹ: mò ń jókòó wẹ̀, àga wà ní ìdáná mi, mo sì ń dáwọ́ dúró nígbà tí ara ṣì le. Ìyá ìjọ kan ní ayé ló ń ṣe mí. Mi ò bá a jà, òun ló ń gbé ọbẹ̀ wá.

Títí di òní, kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi àìsàn yìí hàn. Àwọn onímọ̀ sì ń wá àmì rẹ̀ nínú ọpọlọ. Wọ́n lè gé díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀ alààyè wò, ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n gé ọpọlọ òun? Ìdí tí mo fi fọwọ́ sí i nìyẹn pé bí mo bá kú, kí wọ́n gba tèmi. Wọn a fi apá kan sínú formalin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran ara jẹrà, wọn a sọ ìyókù di yìnyín, kí àwọn onímọ̀ lè máa pín in lò fún ọdún pípẹ́. Wọ́n nílò ti ẹni tí ara rẹ̀ le náà, kí wọ́n lè fi wéra.

Ẹ má rò pé ìwé ìfẹ̀yà-ara-tọrẹ ti NHS, ètò ìlera ìjọba ní Ẹ̀ńgìláńdì, kárí èyí o. Ọ̀tọ̀ ni ìwé ti ọpọlọ. Kì í ṣe gbogbo ibi tó ń gba ọpọlọ ló ń gba ti àìsàn yìí, ẹ béèrè. Ẹ sì sọ fún ará ilé, torí àwọn ni yóò pe ibi tó ń gba ọpọlọ bí ẹ bá kú, ó sì dára kí gbígbà á má pẹ́ ju ọjọ́ kan sí méjì lọ.

Mo pe ìyá mi n'Ìjẹ̀bú. Wọ́n ní, "Orí rẹ lo fẹ́ fi tọrẹ? Báwo lo ṣe máa tún ayé wá?"

Mo ní, "Màámi, ọpọlọ ni, kì í ṣe Orí. Ọ̀bẹ dókítà kò dé ọ̀dọ̀ Àjàlá."

Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní, "Ṣé gèlè á ṣì dúró?"

Mo ní ẹ̀yìn orí ni wọ́n ń là, wọ́n á sì rán an padà. Gèlè á dúró.