Máàkì 3.5 Nílé àti ní Maryland

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gba irú máàkì kan náà láyé mi, ní orílẹ̀-èdè méjì, ohun tí ó sì tẹ̀lé e nílé kò jọ ohun tí ó tẹ̀lé e lókè òkun rárá. Ní ọdún 2015 ni mo parí ND nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò owó ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe kan nílẹ̀ Yorùbá. Àpapọ̀ máàkì mi jẹ́ 3.58 nínú 4, wọ́n sì kọ Distinction sára ìwé-ẹ̀rí mi, nítorí pé láti 3.50 ni ipò yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀ ní àwọn pólì wa. Ní ọdún 2021, nígbà tí ọkọ mi ti ṣètò ìwé mi tí mo sì ti dé ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, mo wọ kọmúníti kọ́lẹ́ẹ̀jì, èyíinì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ti àgbègbè tí a ń gbé, mo sì gba 3.6 ní òpin sáà àkọ́kọ́.

Nílé, wọ́n pe orúkọ mi lọ́jọ́ ayẹyẹ, ọ̀gá àgbà bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n sì fún mi ní ìwé atúmọ̀ èdè kan àti àpòòwé tí ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà wà nínú rẹ̀. Màmá mi mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wá láti ọjà Gbági, wọ́n jó, wọ́n sì ya fọ́tò tó pọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, èmi àti ẹni tó gba máàkì 2.6 jọ wà lójú kan náà: ọdún kan gbáko ni a ó fi ṣe iṣẹ́ ìdánrawò kí a tó lè padà wá ka HND, àfi ẹni tó bá fẹ́ gba fọ́ọ̀mù Direct Entry kí ó lọ bẹ̀rẹ̀ ní ìpele 200 ní fásitì, níbi tí wọn yóò ti ka ọdún méjì tí ó lò ní pólì sí ọdún kan ṣoṣo. Ẹni tó bá sì rọ́jú ka HND dópin, tó wọ iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, mọ̀ pé ìpele 14 ni ilẹ̀kùn ti máa ń tì mọ́ irú òun. Kò sí ọ́fíìsì kankan ní ilé-ẹ̀kọ́ wa tí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé lè wọ̀ láti béèrè pé, "Níbo ni kí n gbé èyí lọ báyìí?" N kò tilẹ̀ mọ̀ nígbà náà pé ó yẹ kí irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ wà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì níyì púpọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ojú tí a fi ń wo pólì nílé ni ọ̀pọ̀ ará ibí fi ń wò ó, tiwa tí a jẹ́ ọmọ Nàìjíríà sì tún le ju tiwọn lọ. Mo ti jókòó níbi ìsọmọlórúkọ kan nítòsí ìlú Bowie ní Maryland, tí àwọn ìyá ń ka orúkọ fásitì tí ọmọ wọn wà bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀, títí ó fi kan ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àgbègbè, tí ó ní ọmọ náà "ṣì ń sinmi díẹ̀ ná." Èmi náà kò sàn jù ú lọ. "Mo ti wọ ilé-ìwé" ni mo sọ fún màmá mi lórí fóònù. Kí ìròyìn náà tó dé Gbági, ó ti di yunifásítì, n kò sì tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n kíkéré ni abẹ́rẹ́ kéré. Láti ọdún 1901 tí wọ́n ti dá irú kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba bẹ́ẹ̀ tó pẹ́ jù lọ tí ó ṣì wà títí dòní sílẹ̀ ní ìlú Joliet, ní ìpínlẹ̀ Illinois, èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé kí ọmọ tálákà lè ka ọdún méjì àkọ́kọ́ fásitì nítòsí ilé rẹ̀, kí ó sì gba ibẹ̀ kọjá. Kírẹ́díìtì ni wọ́n fi ń ka iye kọ́ọ̀sì tí akẹ́kọ̀ọ́ ti yege: 60 ni ti oyè ọlọ́dún méjì, 120 ni ti fásitì. Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì àti fásitì bá ti ní àdéhùn, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì yan kọ́ọ̀sì rẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n, ọdún kẹta ni yóò wọ̀. Mo sọ pé pẹ̀lú ọgbọ́n, nítorí mo mọ ẹni tí kírẹ́díìtì 12 ṣòfò mọ́ lọ́wọ́ torí pé kò béèrè kí ó tó forúkọ sílẹ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 2022 ni lẹ́tà kan wọ inú ímeèlì mi. Ó kí mi kú oríire, ó ní máàkì mi ti mú kí wọ́n yàn mí sínú ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Phi Theta Kappa, ó sì ní kí n san owó ìwọlé. Ẹni tó bá dàgbà ní Nàìjíríà nígbà tiwa mọ ohun tí a ń pe irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí ẹnu kò lè pè, oríire tí n kò tọrọ, owó tí mo ní láti kọ́kọ́ san: bí Ìhòhò bá ní òun yóò dá ọ láṣọ, orúkọ rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ gbọ́. Mo pa á rẹ́. Òmíràn dé ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo pa òun náà rẹ́, mo sì kìlọ̀ fún ọmọ Gánà kan tí a jọ ń kàwé pé kí ó má ṣe fi nọ́ńbà káàdì báńkì rẹ̀ síbẹ̀.

Oṣù méje ni mo fi pàdánù. Olùkọ́ ìṣirò owó wa ni ó bi mí, ní oṣù Kẹsàn-án, ìdí tí orúkọ mi kò fi sí lára àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Nígbà tí mo sọ fún un pé gbájú-ẹ̀ ni mo pè é, kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì fi hàn mí pé láti ọdún 1918 ni ẹgbẹ́ náà ti wà, pé Missouri ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì, àti pé ẹni tó bá ti ní kírẹ́díìtì 12 pẹ̀lú máàkì 3.5 ni wọ́n sábà máa ń pè. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń san owó ìwọlé. Ohun tí owó náà ń rà ni ó yà mí lẹ́nu: ọ̀pọ̀ fásitì ló ti ya sikọ́láṣíìpù sọ́tọ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ yìí tó bá ti kọ́lẹ́ẹ̀jì wá, owó tí àwọn tó ti ilé-ìwé girama wọlé tààrà kò lè bá wọn dù. Máàkì tí wọ́n fi ìwé atúmọ̀ èdè dá mi lọ́lá fún nílé ni ó di ìwé ìwọlé níbí.

Ètò Honors ti kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra rẹ̀, tí ó wà fún akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé, tún yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ yìí. Kíláàsì tí akẹ́kọ̀ọ́ kò pọ̀ nínú rẹ̀ ni, ìwé kíkà rẹ̀ pọ̀, ìjíròrò rẹ̀ sì ju ìkọ́ni lọ. Bí kọ́ọ̀sì tí o fẹ́ kò bá ní kíláàsì bẹ́ẹ̀, ìwọ àti olùkọ́ lè fọwọ́ sí àdéhùn pé wàá ṣe ìwádìí kan ní àfikún, wọn yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé máàkì rẹ. Àjọ àti èsúsú ni mo fi ṣe ìwádìí tèmi, pé báwo ni owó tí kò sí nínú ìwé báńkì kankan ṣe ń yí láàárín ènìyàn ogún láìsọnù. Níbi tí mo ti ń sọ ọ́ ní kíláàsì ni obìnrin kan láti Trinidad ti nawọ́, ó ní ìyá àgbà òun ń dá a, pé "sou-sou" ni wọ́n ń pè é. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ọ̀rọ̀ wa tó bá ọkọ̀ ẹrú rékọjá òkun ni ó jókòó sẹ́yìn mi láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, tí n kò mọ̀.

Ìbéèrè pé "ọmọ ibo ni ọ́?" ni ìyàtọ̀ tó jinlẹ̀ jù lọ lójú mi. Nígbà tí mo fẹ́ gba bọ́sárì ìjọba ìpínlẹ̀ nílé, ìwé-ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, owó orí màmá mi sì ń wọ àpò ìjọba ibẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ṣùgbọ́n ìlú bàbá mi wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, nítorí náà ibẹ̀ ni mo ní láti wọkọ̀ lọ, sí ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí kò mọ̀ mí rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ kí n tó bá ẹni tí yóò fọwọ́ sí i lórí ìjókòó. Nígbà tí bọ́sárì náà yóò fi jáde, mo ti kúrò nílé-ìwé.

Ní Maryland, iye owó ilé-ìwé ní ìpele mẹ́ta ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wọ̀nyí: ti ẹni tí ń gbé àgbègbè, ti ẹni tí ń gbé ibòmíràn ní ìpínlẹ̀ náà, àti ti ẹni tó ti ìta wá. Ibi tí o ń gbé ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti bí bàbá rẹ. Ìwé ilé tí mo háyà àti ìwé owó orí ni mo fi hàn, èmi tí ahọ́n mi kò tíì lọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì wọn, wọ́n sì gbà mí sí ọmọ onílé. Owó Pell tí ìjọba àpapọ̀ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ́nu, tí góńgó rẹ̀ jẹ́ $7,395 ní ọdún ẹ̀kọ́ 2023 sí 2024, wà fún ẹni tó ní green card pẹ̀lú, a kì í sì í dá a padà. Nílé, àwìn ni NELFUND tí òfin ọdún 2024 gbé kalẹ̀: kò ní èlé, ó sì ti ran àbúrò mi ọkùnrin lọ́wọ́ láti san owó ilé-ìwé, ṣùgbọ́n gbèsè ni, ẹni tó mọ̀wé àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni yóò jọ san án.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó fi fisa akẹ́kọ̀ọ́ wọlé kò rí kọ́bọ̀ nínú Pell, owó ìpele kẹta sì ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún méjèèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé máàkì rẹ̀ ga ju tèmi lọ.

Owó wà, ṣùgbọ́n ẹnu ni wọ́n fi ń gbà á, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti le fún mi jù. Gbogbo sikọ́láṣíìpù ni ó ń béèrè àròkọ nípa ara ẹni. Àròkọ àkọ́kọ́ tí mo kọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí mi, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi àti àwọn olùkọ́ mi. Agbaninímọ̀ràn tó kà á gbé e kalẹ̀, ó ní, "Gbogbo àwọn wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n ìwọ dà?" N kò mọ èsì tí mo lè fọ̀. Ní ilẹ̀ wa, ẹlòmíràn ni ń kì ni; ẹni tó bá ń ki ara rẹ̀, a ó máa wo ojú rẹ̀ bóyá ara rẹ̀ yá. Mo pe màmá mi lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, irú ọmọ wo ni mo jẹ́ ní kékeré?" Ó kọ́kọ́ kì mí, ó sì wá sọ ohun tí mo ti gbàgbé, pé ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mo wà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé àwìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àti pé èmi ni mo rí i pé oníbàárà kan ń san gbèsè àǹkárá ọdún tó kọjá pẹ̀lú owó tó yẹ kó fi ra tuntun, tí gbèsè náà kò sì dín. Ohun tí màmá mi sọ ni mo kọ sílẹ̀. Bí mo ṣe yanjú rẹ̀ nìyẹn: mo jẹ́ kí ẹlòmíràn kì mí, mo sì fọwọ́ sí i.

Ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ rọrùn ju bí mo ti rò lọ. Nílé, mo ti kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì olùkọ́ rí láti àárọ̀ di ọ̀sán nítorí ìfọwọ́sí kan. Níbí, ímeèlì ni mo fi béèrè, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, olùkọ́ náà sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo yan òun. Orúkọ rẹ̀ gan-an ló ní kí n máa pe òun. N kò tíì lè ṣe é títí di òní.

Mo béèrè ibi méje. Ọ̀kan nínú wọn ni ti àjọ Jack Kent Cooke, tí a dá sílẹ̀ láti inú ọrọ̀ tí oníṣòwò tó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti Washington fi sílẹ̀ nígbà tó kú ní 1997. Ó lè tó $55,000 lọ́dún kan fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì bọ́ sí fásitì. N kò rí i gbà. Àwọn tó ń rí i gbà kò pọ̀. Vassar, ní ìpínlẹ̀ New York, ti ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì láti 1985 kí wọ́n wá tọ́ ẹ̀kọ́ fásitì wò lófẹ̀ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ alẹ́ tí mo ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kò jẹ́ kí n béèrè. Ẹni tó ń san owó ilé kò lè fi gbogbo àǹfààní sọ ara rẹ̀ di ọ̀dọ́. Ibi mẹ́rin kọ̀ mí, ìkan kò dáhùn, méjì gbà. Èyí tó tóbi jù nínú méjèèjì ni fásitì kan tó fún mi ní $5,000 lọ́dún fún ọdún méjì nítorí ẹgbẹ́ tí mo pè ní gbájú-ẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé wọn yóò yọ iye kan náà kúrò nínú ìrànwọ́ tí mo ti ní tẹ́lẹ̀, nítorí ó máa ń ṣẹlẹ̀. Àṣé Maryland ni ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ ṣòfin, ní 2017, láti dí àwọn fásitì ìjọba lọ́wọ́ irú àyọkúrò bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí lẹ́tà fásitì náà dé ni mo pe màmá mi. Mo ní, "Màmá, mo ti wọ yunifásítì, wọ́n tún máa fún mi lówó." Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo ń gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ń ná iye ọ̀pá kan lésì.

"Àbẹ̀kẹ́," ni ó wí, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn aládùúgbò ṣọ́ọ̀bù má baà gbọ́, "ṣé wọ́n lé ọ kúrò ní ti àkọ́kọ́ ni?"