Ọmú kì í dúró de ìparí ìsìn: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ fún ẹ̀yin abiyamọ inú ìjọ

Hánà ò bá wọn lọ sí Ṣílò. Ó wà nínú 1 Sámúẹ́lì 1, ẹsẹ 22 àti 23: nígbà tí ọkọ rẹ̀ àti gbogbo ará ilé ń gòkè lọ rúbọ ọdọọdún, ó ní òun ń dúró sílé títí òun yóò fi gba ọmọ lẹ́nu ọmú, ọkọ rẹ̀ sì gbà fún un. Ibẹ̀ ni mo máa ń tọ́ka sí fún abiyamọ tí ọkàn rẹ̀ ń dá a lẹ́bi pé òun ò jókòó ti ìsìn dé òpin. Ìlú ṣọ́ṣì ni Ògbómọ̀ṣọ́ wa yìí. Láti ìsìn ọjọ́ Àìkú dé ìpàdé àdúrà àárín ọ̀sẹ̀, dé ìṣọ́ òru, ìyá tó bá fẹ́ pé gbogbo ẹ̀, tó sì ń fi ọmọ sílé, yóò pàdánù ọ̀pọ̀ ìgbà tó yẹ kí ọmọ mu. Ohun tó sì ń mú ọmú gbẹ lára ọ̀pọ̀ ìyá nìyẹn. Kì í ṣe ọwọ́ ayé.

Bí omi ọmú bá dúró sínú ọmú, ara á gbà pé ọmọ ò fẹ́ ẹ, á dín èyí tó ń ṣe kù. Bí ọmọ bá fà á, ara á ṣe òmíràn. Ìgbà 8 sí 12 láàárín wákàtí 24 ni ọmọ ìkókó máa ń mu, tọ̀sán tòru, ẹ má sì fo ti òru, torí òru ni èròjà tó ń jẹ́ kí ara ṣe omi ọmú máa ń pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kó mu apá kan títí tí yóò fi fi í sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ẹ tó gbé e sí ìkejì. Omi tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló lọ́ràá jù.

Láàárín wákàtí kìíní tí ẹ bí i ni kó ti kan ọmú. Omi tó kọ́kọ́ ń jáde, tó pọ́n rúsúrúsú tó sì ki, kò bàjẹ́ o. Ẹ má fún un dànù. Òun ló ń gbógun ti àìsàn lára ọmọ, òun náà ló ń mú ìgbẹ́ dúdú àkọ́kọ́ jáde. Ikùn ọmọ ọjọ́ kan ò gbà ju bíi ṣíbí tíì kan lọ, nítorí náà díẹ̀ yẹn tó o.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni bí ọmọ ṣe ń mú ọmú sẹ́nu. Ẹ jókòó kí ẹ̀yìn yín fara ti nǹkan. Ẹ yí gbogbo ara ọmọ sọ́dọ̀ yín, ikùn rẹ̀ mọ́ ikùn yín. Bó bá jẹ́ orí nìkan ló yí, kò ní lè gbé e mì dáadáa. Ẹ gbìyànjú kí ẹ̀yin náà kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ mu omi, ẹ ó rí i. Imú rẹ̀ ni kó dojú kọ orí ọmú, kì í ṣe ẹnu. Ẹ fi orí ọmú kan ètè òkè rẹ̀, kí ẹ sì dúró. Ẹnu á là gbàgà bí ẹni ń yán. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ fa ọmọ mọ́ra kíá. Ẹ má tẹ̀ lọ bá a, ibẹ̀ ni ẹ̀yìn ríro ti ń wá. Àwọ̀ dúdú tó yí orí ọmú ká gbọ́dọ̀ wọlé pẹ̀lú, kí ti ìsàlẹ̀ wọlé ju ti òkè lọ. Tó bá ti mú un dáadáa, àgbọ̀n rẹ̀ á kan ọmú, ètè ìsàlẹ̀ á yí síta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á kún, ẹ ó sì gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì. Bó bá ń dun yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tàbí tí orí ọmú jáde ní pẹlẹbẹ, kò mú un dáadáa. Ẹ má fà á yọ. Ẹ ki ìka ọmọńdinrín bọ igun ẹnu rẹ̀ kó tú, kí ẹ tún un ṣe.

Ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún ni ọmú máa ń kún, ó lè le bí òkúta, ọmọ ò sì ní rí i mú. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rì sómi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ wá fún díẹ̀ jáde: àtàńpàkò lókè, àwọn ìka yòókù nísàlẹ̀, bíi ìbú ìka méjì sẹ́yìn orí ọmú, ẹ tì í sí àyà, ẹ rọra fún un, ẹ tú u sílẹ̀. Bó bá ti rọ̀, ẹ gbé ọmọ sí i. Lẹ́yìn náà, aṣọ tútù. Bí ojú kan bá pọ́n, tó gbóná, tí ibà wá bá a, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí ẹ má sì dá ọmú dúró, torí èyí tó bá dúró síbẹ̀ ló ń di éèwo.

Ọmú ò tíì balẹ̀ tán tí ìsọmọlórúkọ ọjọ́ kẹjọ fi ń dé. Gbogbo ẹbí á gbé ọmọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, á sùn lọ, wákàtí mẹ́ta á kọjá. Ẹ gba ọmọ yín, ẹ wọ yàrá lọ. Nípa ti oyin, ẹ bá pásítọ̀ sọ ọ́ ṣáájú: kó gbàdúrà lé e lórí, kó sì fi tọ́ ìyá lẹ́nu. Kòkòrò kan lè wà nínú oyin tó máa ń sọ ara ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan di aláìlágbára, ó sì lè gbẹ̀mí.

Kò sí omi, kò sí àgbo, kò sí rírọ ọmọ, títí oṣù 6. Nínú ọgọ́rùn-ún ìpín omi ọmú, ó lé ní 85 tó jẹ́ omi lásán, kódà nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà. Ohun tí mo ti rí pé ó ń gbà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ kì í ṣe àríyànjiyàn. “Màmá, ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ jẹ́ kó pé oṣù mẹ́fà, ẹ̀yin gan-an lẹ ó kọ́kọ́ fún un lómi.” Kí ẹ wá ní kí wọ́n máa bá yín ka ilédìí. Láti bí ọjọ́ kẹfà, tó bá ń tọ̀ tó ìgbà 6 lójúmọ́, tí ìgbẹ́ rẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú, ọmú tó o. Bó bá wá dé bí ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹfà tó ń mu láìsinmi fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, ó ń dàgbà ni. Ẹ jẹ́ kó mu; ẹ má sáré lọ ra wàrà agolo.

Ààwẹ̀ ńkọ́? Èmi ò gbà pé kí abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ ò tíì pé oṣù 6 gba ààwẹ̀ gbígbẹ láti aago 6 àárọ̀ dé 6 ìrọ̀lẹ́. Òùngbẹ á gbẹ yín, òòyì á kọ́ yín, ọmọ sì wà lọ́wọ́ yín. Dáníẹ́lì jẹ ẹ̀wà àti ewébẹ̀, ó mu omi, Ọlọ́run sì bọlá fún un. Ẹ gba ààwẹ̀ fóònù tàbí ẹran, ṣùgbọ́n kí ẹ jẹ àmàlà láfún yín pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, kí ẹ fi oúnjẹ kan kún ti àtẹ̀yìnwá, kí omi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá ń mu.

Nínú ṣọ́ṣì, ẹ jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kí ẹ jìnnà sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn nítorí etí ọmọ. Ẹ má dúró dìgbà tó bá sunkún. Bó bá ti ń yọ ahọ́n, tó ń fi ọwọ́ sẹ́nu, tó ń yí orí kiri, ebi ti ń pa á. Ẹkún ti pẹ́ jù, ọmọ tó ti ń ké kì í mú ọmú dáadáa. Búbà tó ṣí níwájú àti ìborùn kan ti tó. Aṣọ ẹbí tí síìpù rẹ̀ wà lẹ́yìn ló ń dá ọ̀pọ̀ ìyá dúró títí ìsìn fi parí, nítorí náà ẹ sọ fún télọ̀ kó tó gé aṣọ: iwájú ni síìpù yóò wà.