Àga tí kò ní oríkèé: ta ló ṣe é, láyé ìgbà wo?

Ọjọ́ kìn-ín-ní

Wọ́n ti fẹ́ kó àga yìí dànù kí n tó gbà á. Ohun tó dá mi dúró ni pé mi ò rí oríkèé kankan lẹ́yìn rẹ̀. Igi kan ṣoṣo ló gbéra nílẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún, ó gòkè, ó tẹ̀ kọdọrọ bí òṣùmàrè, ó sì sọ̀kalẹ̀ di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì. Òmíràn tó kéré sí i tẹ̀ sínú rẹ̀ bákan náà. Ìjókòó rẹ̀ rí roboto, plywood ni wọ́n fi bò ó, wọ́n sì lu ihò wẹ́wẹ́ sí i bí ìràwọ̀. Ìràwọ̀ yẹn gan-an ló wù mí. Àga ọ̀hún fúyẹ́ débi pé ìka méjì ni mo fi gbé e.

Mo kọ́kọ́ rò pé ṣe ni wọ́n gbẹ́ igi náà. Mo wá tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, mo rí i pé ìlà inú igi ń bá ìtẹ̀ náà lọ, kò já níbì kankan. Ká ní gbígbẹ́ ni, ìlà náà ìbá ti gé níbi tó ti kọ́, ibẹ̀ náà ni ìbá sì ti dá tipẹ́. Títẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ kẹta

Tí wọ́n bá ti dárúkọ àga tí wọ́n fi oru omi tẹ̀, Michael Thonet ló ń kọ́kọ́ síni lọ́kàn, káfíńtà ará Jámánì tí wọ́n bí ní Boppard ní 1796, tó wá di olówò ńlá ní Vienna, olú ìlú Austria. Igi beech ló ń lò. Oru omi gbígbóná ni yóò kọ́kọ́ rọ igi náà. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé bí a bá tẹ igi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò fẹ́ ya, torí igi kì í fẹ́ nà. Ó bá fi ọ̀já irin di ẹ̀yìn ọ̀hún mọ́ra kó má lè nà, kó jẹ́ pé inú igi ni yóò máa fún pọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dè é mọ́ irin tó ní ìrísí tí wọ́n fẹ́, títí yóò fi gbẹ.

Àga rẹ̀ Nọ́ńbà 14, ti 1859, kò ju igi 6, sukúrù 10 àti nọ́ọ̀tù 2 lọ. Tí wọ́n bá tú u, 36 lè wọ inú àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan.

Mo ti kọ “Thonet, 1859” sínú ìwé mi kílẹ̀ tó ṣú. Ìwàǹwára ni. Àṣẹ tí kò jẹ́ kí ẹlòmíràn lè lo ọgbọ́n yìí parí ní 1869, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú àga kan náà. Mo fa ìlà sórí ohun tí mo kọ.

Ọjọ́ kẹfà

Mo dojú àga délẹ̀. Sukúrù mẹ́rin tó di plywood mú ní ojú àgbélébùú, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Phillips. Àwọn ọdún 1930 nìyẹn jáde! Inú mi bàjẹ́ díẹ̀, mo sì ké sí ẹ̀gbọ́n kan tó ti ń ṣe káfíńtà tipẹ́.

“Àbúrò, má jẹ́ kí ìjókòó tàn ẹ́,” ni wọ́n wí. “Ìjókòó ló máa ń kọ́kọ́ kú lára àga. Ṣé sukúrù ẹsẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀?”

Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ti ẹsẹ̀ ní ojú ìlà kan péré. Wọ́n ní kí n tú plywood. Lábẹ́ rẹ̀, ihò tínńtínní tò yí etí ìjókòó po, àwókù pankẹ́rẹ́ sì ṣì há sínú méjì nínú wọn. Pankẹ́rẹ́ ni wọ́n fi hun ún nígbà tó jẹ́ tuntun. Ìràwọ̀ tó wù mí yẹn, àtúnṣe ni! Kì í ṣe pé plywood oníhò fúnra rẹ̀ jẹ́ nǹkan tuntun o, wọ́n ti ń ṣe é ní Amẹ́ríkà láti àwọn ọdún 1870. Ti àga yìí ló dé lẹ́yìn.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Ìdọ̀tí bo inú etí ìjókòó. Mi ò fi sánpépà kàn án, torí ibẹ̀ ni àmì máa ń wà, sánpépà yóò sì jẹ ẹ́ run. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti aṣọ tó tutù díẹ̀ ni mo lò. Mo gbé bébà fẹ́lẹ́ lé e, mo fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsù nù ún lórí jẹ́jẹ́. Lẹ́tà jáde: KOHN. Lẹ́yìn náà, WSETIN. Lẹ́yìn náà, AUSTRIA.

Mo pariwo.

Jacob & Josef Kohn ti Vienna ni orogún Thonet tó lágbára jù. Wsetin ni ìlú Vsetín, tó wà ní ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì lónìí. Ní 1918 ni ibẹ̀ bọ́ sábẹ́ Czechoslovakia, nítorí náà àga tó ń pe ibẹ̀ ní Austria ti wà ṣáájú àkókò yẹn. Àwọn tó ń sọ èdè Jámánì, Österreich ni wọ́n ń pe ilẹ̀ wọn. AUSTRIA tí wọ́n kọ yìí jọ ti ọjà òkè òkun, òfin Amẹ́ríkà ti 1890 sì ní kí ọjà tó bá wọlé gbé orúkọ ilẹ̀ tó ti wá lára. Ní 1914, Kohn dara pọ̀ mọ́ Mundus, ilé iṣẹ́ àga mìíràn. Mo kọ “Kohn, bíi 1890 sí 1914” sínú ìwé. Pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Ọjọ́ kejìlá

Mo fi òwú tó ní sípírítì kan kọ̀rọ̀ abẹ́ ìjókòó. Ọ̀dà náà rọ̀, ó lẹ̀ mọ́ òwú, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n bí oyin: shellac ni, ọ̀dà tí wọ́n ń fi oje kòkòrò ṣe. Ó bá ọjọ́ orí àga mu, àmọ́ ẹnikẹ́ni lè kùn ún lákùntún, nítorí náà mi ò gbé e lé ìwọ̀n.

Mo ti kọ ọjọ́ tí mo tú plywood náà sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì gbé e pa mọ́ pẹ̀lú sukúrù rẹ̀ mẹ́rin. Pankẹ́rẹ́ wà nínú omi. Bó bá rọ̀ lálẹ́ yìí, ihò méjì tó ní àwókù nínú ni n óò ti bẹ̀rẹ̀.